Offa Grammar School àti àwọn ilé ìwé tí ìlú fi owó ara wọn kọ́: ẹ jẹ́ ká kọ ìtàn wọn sílẹ̀

Ọmọ Ìyẹ̀rú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé àti ará ẹ̀yìn odi. Níbi ìpàdé ọmọ ìlú tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní ìjọba ló kọ́ Offa Grammar School, kí ìjọba náà máa lọ tún un ṣe. Mi ò bá a jà, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn.

Ọdún 1943 ni wọ́n dá ilé ìwé yẹn sílẹ̀. Ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, iyọ̀ pàápàá wọ́n bí ojú. Síbẹ̀, Offa Descendants' Union, ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú, ló kówó jọ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe òyìnbó, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Òkè Ọya ni ìjọba pín wa sí nígbà náà, ilé ìwé girama ibẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ọmọ tó bá fẹ́ kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àfi kó kọrí sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Èkó, bí bàbá rẹ̀ bá lówó ọkọ̀.

Mo fẹ́ kó ìtàn yìí jọ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó tán. Ẹni tó bá kàwé níbẹ̀, tàbí ní ilé ìwé ìlú mìíràn láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán, kó jọ̀ọ́ sọ ohun tó rántí. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀: bí ohun tí kò dáa bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ ilé ìwé, ẹ má sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Bàbá Olùkọ́

Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlálọmí, ọmọ abíṣujóókọ, o kú làákàyè. Mo ti fẹ̀yìn tì ó pẹ́, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí owó ṣe ń wọlé, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ojú irin Èkó sí Kánò gba Ọ̀fà kọjá. Òun ló jẹ́ kí ọmọ Ọ̀fà tàn ká ibi gbogbo tí rélùwéè bá dé: Zaria, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Kánò. Àwọn mìíràn gba Gold Coast, tí à ń pè ní Gáná lónìí, lọ, wọ́n ń pàtẹ ní Kumasi àti Accra. Ibi tí ọmọ ìlú bá ti pé díẹ̀, wọ́n á dá ìpàdé sílẹ̀. Jọ́ọ̀sì ni bàbá mi wà. Ó máa ń sọ fún wa pé ọjọ́ ìpàdé kọ́ ni ọjọ́ àríyá. Ẹni tí kò bá mú owó ilé ìwé dání kì í lè gbójú sókè. Obì ni bàbá mi ń tà, kò mọ a mọ b, ṣùgbọ́n títí tó fi kú ló ń pe ilé ìwé yẹn ní "ilé ìwé wa".

Àwọn obìnrin ọjà ńkọ́? Wọn kì í sábà wà nínú ìtàn tí wọ́n ń kà níbi ayẹyẹ. Ìyá mi dá owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, nínú owó ànàmọ́. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ọmọ Àlùfáà, Ìlọrin

As-salaamu alaykum. Ẹ má gbàgbé wa ní Ìlọrin o, ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀ díẹ̀.

Láyé àwọn òyìnbó, Provincial School ni wọ́n ń pe èyí tó di Government Secondary School, Ìlọrin. Ìjọba ló dá ìyẹn sílẹ̀. Queen Elizabeth School fún àwọn ọmọbìnrin náà, orúkọ ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wá sí Nàìjíríà ní 1956 ni wọ́n fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bàbá wa kò fẹ́ fi ọmọ sílé ìwé rárá. Ìdí rẹ̀ kò le: ọmọ tó bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì, orúkọ mìíràn ló máa bá délé, tó bá yá, ẹ̀sìn mìíràn. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àìmọ̀kan, ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan.

Ẹni tó tú okùn yẹn ni Shaykh Kamaldeen al-Adabi. Ní 1942, ọdún kan péré ṣáájú ti Ọ̀fà, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-ul-Islam sílẹ̀ ní Ìlọrin. Ohun tí wọ́n sọ fún àwọn òbí ni pé kéú àti ìwé lè wà nínú orí ọmọ kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ náà kọ́ ilé ìwé ní Ìlọrin, ó kọ́ dé àárín Ìgbómìnà. Bàbá mi àgbà tó fi ẹ̀gbọ́n wa méjèèjì pamọ́ nígbà tí àwọn olùkọ́ ń wá ọmọ kiri, òun kan náà ló fa bàbá mi lọ́wọ́ lọ fi í sílé ìwé Ansar-ul-Islam. Bí a bá ń sọ ìtàn ilé ìwé girama ní Kwara láìsọ èyí, ìtàn náà ò pé.

Ìyá Ìbejì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa bọ́dìn, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé fáàjì ni.

Ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin ni mo lọ, ní ìgbà tí wọ́n ṣì ń pe kíláàsì ní Fọ́ọ̀mù. Àpótí irin dúdú, ibùsùn alájà méjì, ike omi kan tí a fi ọ̀dà kọ orúkọ sí. Agogo wa kì í ṣe agogo gidi, irin táyà ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n so mọ́ igi dóńgóyárò, tí ọ̀gá agogo ń fi irin mìíràn lù. Bó bá ti dún ní ìdájí, ẹ̀ẹ̀rùn tí ọyẹ́ ń la ètè, odò ni o. Ẹni tó bá pẹ́, omi ẹlẹ́rẹ̀ ló máa pọn.

Ọjọ́ Sátidé ni a kì í gbàgbé. Wọ́n á yẹ yàrá wò. A ó fi eérú àti kànìnkànìn fọ abọ́ títí tí yóò fi máa dán, a ó fa aṣọ ibùsùn títí kò fi ní sí ibi tó hunjọ. Àgbà ilé ìgbé wa á fi ìka nu etí fèrèsé, á wá gbé ìka náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí eruku bá wà níbẹ̀, gbogbo yàrá ló máa ro oko lẹ́yìn ilé oúnjẹ. Ayọ́ọ̀nù eléèédú kan ṣoṣo la jọ ń lò. Ẹni tó bá jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ́ iná jó aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ẹlòmíràn, ìjà ti dé.

Ẹ̀wà ń kọ́? Ẹ̀wà ọjọ́rú ní kòkòrò, gbogbo wa mọ̀, a ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, pírẹ́pù, ìyẹn ìwé kíkà alẹ́. Bí iná bá lọ, àtùpà gáàsì ni, ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ ló ń kàwé, àwọn tó kù ń sùn. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọmọ Nupe láti Pàtígì, ọmọ Ìbàrùbá, ọmọ Ìgbómìnà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi títí dòní, yàrá kan náà la jọ gbé.

Síníọ̀ Ọjọ́un

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, ẹ rán mi létí. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ìyà yẹn ló kọ́ wa. Bí síníọ̀ bá ní kí o kúnlẹ̀, o kúnlẹ̀. Lónìí ọmọ á máa wo tíṣà lójú, kò sí ìbẹ̀rù mọ́, ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ fi bàjẹ́. Kí wọ́n dá bọ́dìn àti pàṣán padà.

Ọmọ Olóko

Ẹ̀gbọ́n Síníọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, mi ò gbà. Ní ilé ìwé kan tí mo lọ, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, síníọ̀ kan sọ mí di ọmọ ọ̀dọ̀. Èmi ló ń fọ aṣọ rẹ̀, èmi ló ń pọn omi rẹ̀, ìpápánu tí ìyá mi fi owó gbèsè rà fún mi, òun ló ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ ìdánwò ìparí ọdún, ó rán mi sọ́jà. Ìgbà tí mo dé, wọ́n ti ń kó ìwé ìdánwò. Mo tún kíláàsì náà kà. Bàbá mi ò mọ ìdí rẹ̀ títí ó fi kú, ó rò pé orí mi ni kò dá.

Kí olùkọ́ máa gbé ọmọ dìde lójú oorun kó lè kàwé, ìbáwí nìyẹn. Kí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún máa na ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìyẹn kì í ṣe ìbáwí. Bí a bá máa kọ ìtàn, kí a kọ eléyìí mọ́ ọn.

Síníọ̀ Ọjọ́un

Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́. Irú èyí kò dáa, mi ò sì ní sọ pé ó dáa. Pàṣán tíṣà ni mo ní lọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Ọmọ Gáná

Mo ka ohun tí Bàbá Olùkọ́ sọ nípa Kumasi, omijé bọ́ lójú mi. Kumasi ni wọ́n bí mi sí.

Ní oṣù kọkànlá 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú fi Gáná sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìsọ̀ bàbá mi kún fún ọjà, gbàǹjo ló tà á. A dé ilé ní Gúúsù Kwara pẹ̀lú àwọn ẹrù tí a lè gbé. Ilé ìwé ìlú gba àwa ọmọ tó dé lójijì. Yorùbá ẹnu wa wúwo, Twi la fi ń jà, Twi la fi ń ṣeré. Wọ́n ń pè wá ní ọmọ Gáná lórí pápá, ibẹ̀ ni mo ti mú orúkọ tí mo ń jẹ́ níhìn-ín. Pírínsípà ò bèèrè owó lọ́wọ́ bàbá mi ní sáà àkọ́kọ́. Ó ní owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ láti ìlú òkèèrè wà nínú ògiri yìí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín wọlé.

Nígbà tó yá, èmi náà di tíṣà. Ìgbà yẹn ni àwọn ará Gáná ń wá síbí, torí nǹkan ti le fún wọn nílé. Ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò, èmi àti òun ń sọ Twi nínú yàrá olùkọ́, inú rẹ̀ máa ń dùn débi pé yóò fi ọwọ́ lu tábìlì. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ. Òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ṣùgbọ́n bíríkìlà ni àbúrò rẹ̀, kò ní ìwé kankan, olùkọ́ náà sì ní òun kò ní jẹ́ kó dá rìn. Èmi ni mo bá wọn gbé ẹrù dé gáréèjì. Mo fẹ́ sọ fún un pé wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún bàbá mi, ẹnu mi kò gbà á. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó ní, "Tìrẹ ni 1969, tèmi ni yìí."

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ṣe dáadáa nínú ìṣirò ní WASC, ìdánwò àṣekágbá girama, lọ́dún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń kó orúkọ olùkọ́ jọ, ẹ má yọ àwọn ará Gáná sílẹ̀.

Ọmọ Ìyẹ̀rú

Ẹ̀gbọ́n, a ò ní yọ wọ́n sílẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an.

Ọmọ Ìgbómìnà

Ẹ ò tíì mẹ́nu ba ìrìn àjò ẹ̀kọ́! Tiwa ni Èsìẹ́, ìlú kan ní Ìgbómìnà. Wọ́n á kó wa sínú lọ́rì, orin títí a ó fi débẹ̀. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún, ọkùnrin àti obìnrin, òmíràn jókòó lórí àpótí, òmíràn mú idà dání. Àwọn ará ìlú ti ń bọ wọ́n tipẹ́. Ẹni tó ròyìn wọn fún ìjọba òyìnbó ní 1933 ni Ramshaw, alábòójútó ilé ìwé fún ìjọ CMS. Ilé ìwé ló ń bẹ̀ wò kiri tó fi kan Èsìẹ́. Ní 1945, wọ́n kọ́ mùsíọ́ọ̀mù síbẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà.

Olùkọ́ ìtàn wa dúró síwájú àwọn ère yẹn, ó ní kí kálukú mú ọ̀kan kó ya àwòrán rẹ̀, irun orí àti ilà ojú, kó má fo nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ìtàn kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé Mungo Park nìkan. Wákàtí kan ni mo fi wo irun orí ère obìnrin kan, mo sì rí i pé bí ìyá ìyá mi ṣe ń dirí nìyẹn.

Sẹ́ẹ̀tì 82

Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ìgbà tí ojú ilé ìwé yí padà, torí sẹ́ẹ̀tì wa ló bá a.

Oṣù kẹsàn-án 1976 ni ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní UPE bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Ẹ ka ọdún mẹ́fà sí i, 1982 ni gbogbo wa parí. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n gbé 6-3-3-4 dé: ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré (JSS), mẹ́ta ní girama àgbà, mẹ́rin ní yunifásítì. Àwa ni JSS àkọ́kọ́. Ilé ìwé tí ìlú kọ́ fún ìwọ̀nba ọmọ, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ wa ya wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Pákó ni wọ́n fi pín yàrá ìkàwé. Àwọn tó wà ní Fọ́ọ̀mù Kejì sókè, WASC ni wọ́n ń lọ. Àwa, ohun tí kò sẹ́ni tó tíì ṣe rí. Síníọ̀ wa máa ń sọ pé adìyẹ ìdánwò ni wá.

Wọ́n ní a ó kọ́ Intro Tech, ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ dé láti ilẹ̀ òkèèrè nínú àpótí igi ńlá. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n máa gbé e sí kò tíì sí, iná kò sì dúró. Àwọn àpótí náà wà lẹ́bàá yàrá olùkọ́ títí òjò fi pa wọ́n. A jókòó lé wọn jẹ ọsàn láti JSS 1. Nígbà tí a ṣe ìdánwò àṣekágbá SSCE àkọ́kọ́ ní 1988, wọn ò tíì tú òmíràn nínú wọn.

Ohun tó wá bí ọ̀rọ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sọ nípàdé ni pé, lẹ́yìn tí ìjọba ti gba àwọn ilé ìwé ìlú àti ti ìjọ láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn òbí wa ò dá owó mọ́. Ta ló máa dáwó sí ohun tí ìjọba ti ní òun gbà? Ìran kan kọjá, ìran tó tẹ̀ lé e rò pé bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà.

Tíṣà Kékeré

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Tíṣà ni mí lónìí ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwé ìlú yìí. Mi ò ní sọ èwo, kí wọ́n má baà rò pé mò ń tú àṣírí.

Ẹ̀gbọ́n Sẹ́ẹ̀tì 82 sọ òótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan ti ń yí padà díẹ̀. Òrùlé kíláàsì tí mo ti ń kọ́ni, sẹ́ẹ̀tì kan ló kàn án. Kànga ẹ̀rọ tó wà lẹ́bàá pápá, sẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ohun tí kò sẹ́ni tó rántí ni kọ́bọ́ọ̀dù tó wà ní ọ́fíìsì.

Lọ́dún tó kọjá wọ́n ní kí n palẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Mo bá ìwé ìforúkọsílẹ̀ àtijọ́, páálí líle, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Yínkì búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ojú ewé. Orúkọ ọmọ, ọjọ́ tó wọlé, orúkọ bàbá, iṣẹ́ bàbá, àdírẹ́sì. Níbi iṣẹ́ bàbá: àgbẹ̀, àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ, àgbẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè. Níbi àdírẹ́sì, mo rí Jọ́ọ̀sì, mo rí Kumasi, mo rí Tamale. Ikán ti jẹ apá ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ojú ewé. Wọ́n ti fẹ́ kó o mọ́ ìdọ̀tí lọ jó, èmi ni mo gbé e sí orí tábìlì mi.

Ohun tí mò ń wá láti ìgbà tí mo ti ń ka ìjíròrò yìí ni ẹni tó máa ràn mí lọ́wọ́. Fóònù mi kò ya àwòrán dáadáa. Pírínsípà ti gbà, ó ní kí ìwé náà má ṣá kúrò nínú ọgbà.

Ọmọ Gáná

Kumasi! Àbúrò mi, ọdún wo?

Tíṣà Kékeré

Ẹ̀gbọ́n, 1970 àti 1971 ni Kumasi ti pọ̀ jù. Wọ́n fi ìlà pa á rẹ́, wọ́n wá kọ àdúgbò ibí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Ìyẹ̀rú

Tíṣà, mo ní kámẹ́rà, ọ̀rẹ́ mi kan ní yunifásítì Ìlọrin sì ń tọ́jú ìwé àtijọ́. Ó ní ẹ má fi téèpù lẹ ojú ewé tó ya, ẹ má sì sá a sóòrùn, ẹ kàn gbé e síbi gbígbẹ tí ikán ò ti lè dé, lórí irin bó bá ṣe é ṣe. Ọjọ́ Sátidé a ó wá yà á ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan níwájú pírínsípà. Orúkọ àwọn tó ṣì wà láyé, a ò ní gbé e síta láìgba àṣẹ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé ẹ̀rí owó ìpàdé ti àwọn òbí yín, káàdì ẹgbẹ́, fọ́tò kíláàsì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá inú àpótí.

Ìyá Ìbejì

Mo ní fọ́tò eré ìdárayá wa. Ọkọ mi ń wá a lókè àjà báyìí.

Bàbá Olùkọ́

Káàdì ìpàdé Jọ́ọ̀sì ti bàbá mi wà lọ́wọ́ mi, òǹtẹ̀ oṣooṣù wà lórí rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi yóò yà á lálẹ́ òní. Ọmọ Ìyẹ̀rú, nígbà tí ẹ bá ń kọ orúkọ, ẹ wá ààyè fún àwọn ìyá tó ń dáná àti ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọgbà lóru. Mo rántí mẹ́rin nínú wọn, mo sì mọ agboolé tí ọmọ wọn wà. Ẹ pè mí lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, etí mi ṣì ń gbọ́ fóònù dáadáa nígbà yẹn.